Ohun Tó Lè Máa Ba Awọ Ajá Jẹ́

Awọ ajá tín-ín-rín ju ti ènìyàn lọ. Irun tó bò ó ni kò jẹ́ kó hàn bẹ́ẹ̀. Òkè awọ ènìyàn ní ìpele sẹ́ẹ̀lì tó tó 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ti ajá kì í sábà ju 3 sí 5 lọ. Nítorí náà, ohun tó bá bù ú jẹ tàbí tí wọ́n bá dà sí i lára kì í pẹ́ wọlé. Irun tó ń já, èépá, egbò, òórùn burúkú àti ara yíyún jẹ́ àmì. Kò sí èyí tó jẹ́ orúkọ àrùn nínú wọn. Ajá mẹ́wàá lè máa họ ara ní àdúgbò kan náà, kí ohun tó ń ṣe wọ́n jẹ́ oríṣi mẹ́fà. Ìdí nìyí tí oògùn tó wo ajá aládùúgbò sàn kì í fi ṣe ohunkóhun fún ajá ẹlòmíràn, tó sì lè pa á nígbà mìíràn.

Ìbéèrè tó ṣáájú oògùn

Ohun tó yẹ kí alájá kọ́kọ́ mọ̀ ni bóyá ara ló kọ́kọ́ ń yún ajá náà kí irun tó já, tàbí irun ló já láìsí yíyún. Ìyàtọ̀ yìí dín iṣẹ́ kù ní ìdajì. Iná ajá, kúrúnà tó ń ran ẹlòmíràn àti ohun tí ara kò gbà máa ń yún láti ìbẹ̀rẹ̀. Àìsàn inú kì í sábà yún. Irun a kàn máa fẹ́lẹ́ díẹ̀díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ẹ̀gbẹ́ òsì lọ́gbọọgba. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ajá tí ara ń yún gbọ́dọ̀ máa fi èékánná họ ara. Èyí tó ń lá àtẹ́sẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, èyí tó ń fi eyín gé ìdí ìrù rẹ̀, èyí tó ń fi ojú ra ògiri, ara ń yún gbogbo wọn. Bí irun àárín ìka ajá funfun bá ti pọ́n bí irin tó dípẹtà, lílá ti pẹ́ níbẹ̀. Itọ́ ló pa á láró bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni kí wọ́n wo ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Iná ajá fẹ́ràn ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn àti ìdí ìrù. Kúrúnà tó ń ran ẹlòmíràn máa ń bẹ̀rẹ̀ ní bèbè etí àti ìgbọ̀nwọ́. Ohun tí ara kò gbà máa ń fara hàn ní àtẹ́sẹ̀, abíyá, ojú àti inú etí. Ìbéèrè kan tún wà tí àwọn alájá kì í sábà dáhùn àfi tí wọ́n bá bi wọ́n: ṣé ara ti ń yún ènìyàn kankan nínú ilé? Ìdáhùn rẹ̀ lè yanjú ọ̀rọ̀ ju àyẹ̀wò olówó gọbọi lọ.

Eégbọn àti iná ajá

Ní ilẹ̀ Yorùbá, eégbọn ni kí wọ́n kọ́kọ́ fura sí. Èyí tó wọ́pọ̀ jù lára ajá ni eégbọn aláwọ̀ ilẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Rhipicephalus sanguineus. Kì í ṣe ajá ọdẹ tó ń wọ igbó nìkan ló ń kó o, nítorí eégbọn yìí lè lo gbogbo ayé rẹ̀ nínú ọgbà ilé tó mọ́ tónítóní. Tí abo rẹ̀ bá mu ẹ̀jẹ̀ yó, tó wú bí hóró ẹ̀wà, á já bọ́ lára ajá, á gun ògiri lọ wá ihò, á yé ẹyin ẹgbẹẹgbẹ̀rún síbẹ̀, á sì kú. Àwọn ọmọ tó bá pa yóò sọ̀kalẹ̀ padà wá sára ajá kan náà. Ẹni tó bá ń fi ọwọ́ já eégbọn lójoojúmọ́ láìtọ́jú ilé ajá, ihò ara ògiri àti àkísà tí ajá ń sùn lé, omi inú agbọ̀n ló ń pọn.

Ojú ibi tí eégbọn ti bu ajá jẹ a máa wú, á le bíi kókó, ó sì lè di egbò tí ajá bá ń họ ọ́. Ẹ̀mú ni kí wọ́n fi yọ eégbọn: kí wọ́n dì í mú níbi tó ti kan awọ gan-an, kí wọ́n fà á jáde tààrà láìlọ́ ọ. Kí wọ́n má fi iná jó o, kí wọ́n má da kẹrosíìnì sí i, kí wọ́n má sì fi èékánná tẹ̀ ẹ́ fọ́. Ewu tó tóbi jù lọ́dọ̀ eégbọn kò sí lára awọ rárá. Eégbọn ló ń gbé Babesia àti Ehrlichia wọ inú ẹ̀jẹ̀ ajá, àwọn tó ń fa ohun tí àwọn alájá mọ̀ sí ibà eégbọn. Ajá tí kò jẹun mọ́, tí ara rẹ̀ gbóná, tí èrìgì rẹ̀ funfun tàbí tí ìtọ̀ rẹ̀ dúdú bíi kọfí, kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ awọ sílẹ̀, kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko lọ́jọ́ náà gan-an.

Iná ajá yàtọ̀ sí eégbọn: ó kéré, ó pẹlẹbẹ, ó sì ń fò. Orúkọ èyí tó wọ́pọ̀ jù lára ajá ni Ctenocephalides felis. Ológbò ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, ṣùgbọ́n ara ajá kò yàtọ̀ sí ti ológbò lójú rẹ̀. Abo kan lè yé ẹyin 40 sí 50 lóòjọ́. Ẹyin náà kì í dúró lára ajá, ilẹ̀ ló ń bọ́ sí, sínú rọ́ọ̀gì, iyanrìn àti ojú ilẹ̀ tó là. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni èyí tí ojú rí lára ajá. Àwọn yòókù wà nínú ilé. Àwọn kan tilẹ̀ lè dúró nínú ìdì wọn fún oṣù mélòó kan títí wọn yóò fi gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Ìyẹn ló fà á tí ẹni tó bá padà sí ilé tó ti wà ní títì látọjọ́ pípẹ́ fi lè rí i pé iná bò òun lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ tó wọlé.

Ọ̀nà ìrọ̀rùn kan wà láti mọ̀ bóyá iná wà lára ajá tí kò sí èyí tí ojú rí. Kí wọ́n fi kóòmù eléyín tóóró ya irun ìdí ìrù rẹ̀, kí wọ́n gbọn ìdọ̀tí dúdú tó bá jáde sórí bébà funfun, kí wọ́n sì ta omi díẹ̀ sí i. Bó bá pọ́n, ẹ̀jẹ̀ tí iná ti mu tó sì ti yà ni. Bó bá dúdú síbẹ̀, erùpẹ̀ lásán ni. Àwọn ajá kan wà tí ara wọn kọ itọ́ iná pátápátá. Bí iná méjì péré bá bu irú wọn jẹ, wọn yóò gé ìdí ìrù wọn títí irun ibẹ̀ yóò fi tán. Ajá tó bá gbé iná mì nígbà tó ń gé ara rẹ̀ jẹ tún lè ti ibẹ̀ kó aràn pẹlẹbẹ, tí ègé rẹ̀ máa ń jáde ní ihò ìdí bíi hóró ìrẹsì.

Kúrúnà méjì tí wọn kì í ṣe ọmọ ìyá

Gbogbo àrùn tó bá ti mú irun ajá já ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní kúrúnà, oògùn kan náà ni wọ́n sì ń lò sí i. Àwọn kòkòrò méjì tí ojú kò rí ló wà nídìí kúrúnà gan-an. Ìwà wọn jìnnà síra, ìtọ́jú ajá tó ní wọn kò sì dọ́gba.

Èkíní ni Sarcoptes scabiei. Abo rẹ̀ ń gbẹ́ ọ̀nà sínú awọ, ibẹ̀ ló ń yé sí. Láti ẹyin di àgbà kò ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ. Yíyún rẹ̀ burú débi pé ajá kì í lè sùn. Bèbè etí, ìgbọ̀nwọ́, orúnkún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn àti abẹ́ ikùn á kún fún èépá, awọ á nípọn, ajá á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Bí wọ́n bá fi ìka méjì ra bèbè etí ajá náà pọ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í ta bí ẹni tó fẹ́ họ ara, ìfura pọ̀ níbẹ̀. Ìfarakanra ló ń gbé e láti ara ajá kan dé òmíràn, nílé àwọn tó ń sin ajá fún títà, lójú ọ̀nà, nígbà tí wọ́n bá ń gun ara wọn. Ó ń ran ènìyàn náà: ẹni tó ń gbé ajá mọ́ra á rí ìléròrò pupa wẹ́wẹ́ lápá àti níkùn. Kúrúnà ajá kò lè dá ìran sílẹ̀ lára ènìyàn, nítorí náà á lọ fúnra rẹ̀ bí wọ́n bá tọ́jú ajá. Gbogbo ajá tó bá wà nínú ilé ni wọ́n gbọ́dọ̀ tọ́jú pọ̀, títí kan èyí tí kò tíì họ ara.

Èkejì ni Demodex canis. Fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé kò sí ajá tó lára líle tí kò ní díẹ̀ nínú rẹ̀. Ìdí irun ló ń gbé, láti ara ìyá ló sì ti ń bọ́ sára ọmọ ní ìwọ̀nba ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá ń mu ọmú. Kì í ran ajá mìíràn, kì í ran ènìyàn. Ìgbà tí agbára ìdáàbòbò ara bá rẹ̀yìn ni iye rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Lára ọmọ ajá tí kò tíì pé ọdún kan, irun á já ní ojú kan tàbí méjì, ní ẹ̀gbẹ́ ojú, ẹnu tàbí ẹsẹ̀ iwájú, kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ yún. Èyí tó pọ̀ jù nínú irú ìyẹn máa ń sàn láìlo oògùn. Bó bá tàn ká gbogbo ara, tí awọ dúdú, tó nípọn, tó ń yọ ọyún tó sì ń rùn, ọ̀ràn ti di ńlá. Bó bá ṣe àgbà ajá lójijì, kí wọ́n wá àìsàn mìíràn tó fara sin lẹ́yìn rẹ̀. Ìran wà nínú rẹ̀. Ajá tó bá ti ní èyí tó tàn ká gbogbo ara kò yẹ ní èyí tí wọ́n ń jẹ́ kó bímọ.

Fífi bíléèdì há awọ kí wọ́n sì wo ohun tó jáde lábẹ́ maikirosikóòpù ni wọ́n fi ń mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Àyẹ̀wò náà kì í gbọ́n owó lọ títí, kì í sì í gba àkókò. Demodex rọrùn láti rí bí wọ́n bá fún awọ kí wọ́n tó há a. Sarcoptes a máa sá pamọ́. Ẹyọ díẹ̀ lára ajá kan lè dá gbogbo wàhálà sílẹ̀, nítorí náà bí wọn kò bá rí i, kò túmọ̀ sí pé kò sí níbẹ̀. Ìdí tí ìyàtọ̀ yìí fi ṣe pàtàkì ni pé àwọn kan máa ń lọ ra abẹ́rẹ́ dexamethasone tàbí prednisolone láti fi dá yíyún dúró. Yíyún á dáwọ́ dúró lóòótọ́ fún ọjọ́ mélòó kan, ṣùgbọ́n oògùn yìí ń rẹ agbára ìdáàbòbò ara sílẹ̀. Ajá tó ní Demodex ní ojú méjì lè ní in ní gbogbo ara lẹ́yìn abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ivermectin tí wọ́n ń lò sí kúrúnà náà gba ìṣọ́ra. Oògùn ńlá ni; iṣẹ́ tí Satoshi Ōmura àti William Campbell ṣe tó bí i ló mú wọn gba Ẹ̀bùn Nobel ní 2015. Èyí tó wà ní ọjà fún màlúù lágbára púpọ̀ fún ajá, ẹni tó bá sì ń fojú díwọ̀n rẹ̀ sínú síríńjì ń fi ẹ̀mí ajá ta tẹ́tẹ́. Ní 2001, Katrina Mealey àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Washington State University ní Amẹ́ríkà fi hàn pé àbùkù wà nínú jíìnì tí wọ́n ń pè ní MDR1 lára àwọn ajá Collie kan. Àbùkù yìí ló ń jẹ́ kí ivermectin wọ inú ọpọlọ wọn. Collie kò pọ̀ ní Èkó tàbí Ìbàdàn, ṣùgbọ́n àbùkù náà wà lára díẹ̀ nínú àwọn ajá German Shepherd pẹ̀lú, àti lára àdàmọ̀dì tí ẹnikẹ́ni kò mọ ìran rẹ̀. Ajá tó bá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tó dà bí ẹni tí kò ríran lẹ́yìn abẹ́rẹ́ náà, kí wọ́n sáré gbé e padà. Àwọn oògùn oníhóró tuntun bíi fluralaner, afoxolaner àti sarolaner ń pa kòkòrò kúrúnà méjèèjì, wọ́n tún ń pa eégbọn àti iná. Wọ́n wọ́n díẹ̀, ajá tó ti ní gìrì rí sì gbọ́dọ̀ gba àṣẹ dókítà kó tó lò ó.

Ìdin inú awọ, jìgá àti eṣinṣin etí

Nígbà míì, ohun tó dà bí eéwo lára ajá ní ẹ̀dá tó ń mí nínú rẹ̀. Eṣinṣin Cordylobia anthropophaga máa ń yé ẹyin 100 sí 300 sínú iyanrìn gbígbẹ tó wà ní ìbòòji, pàápàá ibi tí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ ti bà jẹ́. Ìdin tó bá pa á dúró sínú iyanrìn náà títí ara tó gbóná yóò fi dùbúlẹ̀ lé e. Kíá ni yóò gbẹ́ wọ inú awọ. Láàárín ọjọ́ 8 sí 12, á dàgbà, á sì ta jáde bọ́ sílẹ̀. Abẹ́ ikùn, abẹ́ ìrù àti ẹsẹ̀ ló pọ̀ sí jù. Àmì rẹ̀ ni ihò kékeré tó wà ní orí wíwú náà, níbi tí ìdin ti ń mí. Kí wọ́n fi fasilín dí ihò náà fún ìgbà díẹ̀. Afẹ́fẹ́ kò ní tó ìdin mọ́, á yọrí síta, wọn á sì rọra fún un jáde láìjẹ́ kó fọ́ sínú ara. Eṣinṣin yìí kan náà ló mú kí àwọn ìyá máa tẹnu mọ́ ọn pé kí wọ́n lọ aṣọ tí wọ́n sá sórí koríko kí ọmọ tó wọ̀ ọ́. Ọmọ ajá tí ìdin bá pọ̀ lára rẹ̀ lè kú.

Jìgá kò ṣẹ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá, ọkọ̀ ojú omi kan láti Brazil ló sì gbé e dé Àǹgólà ní 1872, kó tó tàn ká. Àárín ìka àti etí pátákò àtẹ́sẹ̀ ajá ló ń wọ̀, ajá á sì máa tiro. Ti eṣinṣin tó ń mu ẹ̀jẹ̀, Stomoxys, kò ṣòroó mọ̀: ṣóńṣó etí ajá tí etí rẹ̀ dúró ṣánṣán ló ń jẹ títí yóò fi di egbò dúdú tí kì í jinná. Pípalẹ̀ ìgbẹ́ àti pàǹtí mọ́ nítòsí ibùsùn rẹ̀ ṣe pàtàkì ju ìpara èyíkéyìí lọ.

Làpálàpá, òórùn etí àti ọyún

Fọ́ńgọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní Microsporum canis ló sábà ń fa làpálàpá ajá. Irun á já róbótó, awọ á ní ìpẹ́ wẹ́wẹ́, ó sì lè ṣàìyún rárá. Àwọn ọmọ ajá ló ń mú jù, àwọn ọmọdé tó ń bá wọn ṣeré sì máa ń kó o. Irúgbìn fọ́ńgọ́ọ̀sì yìí lè wà láàyè nínú ibùsùn àti kóòmù fún ohun tó ju ọdún kan lọ. Ewé asúnrùn òyìnbó ti pẹ́ nínú ìtọ́jú làpálàpá ènìyàn, ṣùgbọ́n ajá yóò lá ohun tí wọ́n bá fi pa á lára, ewé náà a sì máa mú kó ṣunú.

Òórùn kíkan tí kì í lọ lẹ́yìn ìwẹ̀, pẹ̀lú awọ tó ń yọ ọ̀rá, sábà jẹ́ ti Malassezia. Inú etí tó ṣubú, abẹ́ ọrùn àti ibi tí awọ ti ká jọ ló fẹ́ràn, ìgbà òjò sì ni àkókò rẹ̀. Bí ohun tó wà nínú etí bá gbẹ tó sì dúdú bí ìyẹ̀fun kọfí, kòkòrò etí Otodectes ni kí wọ́n fura sí. Ní ti ọyún, bakitéríà Staphylococcus pseudintermedius ló wà nídìí èyí tó pọ̀ jù. Orí awọ ajá tó dá ṣáká ló ti ń gbé. Ó ń retí kí nǹkan mìíràn kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn fún un ni. Ajá tí ọyún rẹ̀ ń lọ tó tún ń padà wá ní ìdí mìíràn lábẹ́ ọyún náà tí wọn kò tíì rí. Kápúsùlù méjì mẹ́ta láti ọ̀dọ̀ oníkẹ́míìsì kò lè ṣe é. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń kọ́ bakitéríà bí yóò ṣe borí oògùn. Àwọn ajá onírun kíkún tí wọ́n kó wá láti ilẹ̀ òtútù, bíi Caucasian àti Saint Bernard, lè dédé ní egbò tútù tó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ láàárín wákàtí díẹ̀ nínú ooru Èkó, pàápàá bí wọ́n bá wẹ̀ wọ́n tí ìdí irun wọn kò gbẹ.

Ohun tí ara kò gbà

Ara àwọn ajá kan kì í gba eruku ilé, àtíkè òdòdó koríko tàbí ohun mìíràn tí ajá yòókù ń fara dà. Láàárín oṣù 6 sí ọdún 3 ni irú àlẹ́jì yìí sábà ń bẹ̀rẹ̀. Àtẹ́sẹ̀, ojú, abíyá àti etí ni yóò máa yún, tí etí dídùn yóò sì máa padà wá. Kì í lọ pátápátá. Wọ́n ń ṣàkóso rẹ̀ jálẹ̀ ayé ajá náà ni, alájá tó bá gbà bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ kò ní máa ti ọ̀dọ̀ dókítà kan bọ́ sí òmíràn.

Oúnjẹ náà lè bá ara jà. Nínú àkójọ ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní 2016 lórí ajá 297 tó ní irú àlẹ́jì yìí, ẹran màlúù ló fà á lára 34 nínú ọgọ́rùn-ún wọn, wàrà 17, adìẹ 15, àlìkámà 13. Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ṣeé gbára lé fún un. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé kí wọ́n fún ajá ní ẹran kan tí kò jẹ rí, kí ó máa jẹ ìyẹn nìkan fún ọ̀sẹ̀ 8. Ajá tí màlúù àti adìẹ ni oúnjẹ rẹ̀ látilẹ̀ lè lo ehoro pẹ̀lú iṣu sísè. Egungun kan ṣoṣo láti ọwọ́ àlejò ti tó láti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, gbogbo ará ilé ló sì gbọ́dọ̀ gbọ́ èyí kó tó bẹ̀rẹ̀. Bí yíyún bá lọ, kí wọ́n dá oúnjẹ àtijọ́ padà. Bó bá tún bẹ̀rẹ̀, a ti mú ọ̀daràn.

Ohun tó kan awọ tààrà kò gba ìwádìí púpọ̀. Ajá ọdẹ tó bá gba inú yèrèpè kọjá nígbà ẹ̀rùn yóò máa yí gbiri nílẹ̀ kó tó délé. Èyí tí wọ́n fi Izal fọ ilẹ̀ ibi tó ń sùn yóò pọ́n lábẹ́ ikùn àti láàárín ìka, bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tó tẹ sìmẹ́ńtì tútù mọ́lẹ̀.

Oúnjẹ tí kò tó àti àìsàn inú

Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin tàbí nínú mẹ́ta pùrótéènì tí ajá ń jẹ lóòjọ́ ni awọ àti irun ń lò. Ajá tó ń jẹ ẹ̀bà àti omi ọbẹ̀ lásán láti ìgbà tí wọ́n ti já a lẹ́nu ọmú kò ní ohun tí yóò fi hu irun. Irun rẹ̀ á gbẹ, á pọ́n rúsúrúsú, awọ á máa bọ́ bí ìyẹ̀fun. Síńkì tún ń dín kù lára ọmọ ajá tó ń yára dàgbà tí oúnjẹ rẹ̀ jẹ́ kìkì ọkà, nítorí ohun kan wà nínú ọkà tí kì í jẹ́ kí ara fa síńkì mu. Èépá á yí ojú, ẹnu àti àtẹ́sẹ̀ rẹ̀ ká. Ajá Husky lè ní in láìka oúnjẹ gidi sí. Ẹyin sísè àti ẹja ṣàwá tí wọ́n sè láìfi àlùbọ́sà sí i ń tún irun ṣe ju ìpara lọ, wọn kò sì wọ́n jù. Ajá ìbílẹ̀, tí àwọn kan ń pè ní Bíńgò, kì í ní àrùn awọ ju òmíràn lọ bí wọ́n bá bọ́ ọ dáadáa. Ebi ni wọ́n ń kà sí ìwà rẹ̀.

Bí ajá bá ti lé ní ọdún mélòó kan, tó ń sanra láìjẹun púpọ̀, tó ń sá sí oòrùn, tí irun ìrù rẹ̀ tán bí ti eku, kí wọ́n yẹ ẹṣẹ́ táírọ́ìdì rẹ̀ wò. Èyí tó ń mu omi lámujù, tí ikùn rẹ̀ so, tí awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́, àrùn Cushing ni ìfura rẹ̀. Akọ ajá tí irun rẹ̀ ń já, tí ọmú rẹ̀ sì ń wú, kí wọ́n wo kóró ẹpọ̀n rẹ̀ fún jẹjẹrẹ. Ohun kan ṣì kù tí kò wọ́pọ̀ ṣùgbọ́n tí kò ṣeé fojú fò: ajá tó bẹ̀rẹ̀ sí í gé ojú kan lára rẹ̀ jẹ kíkankíkan, tí ìwà rẹ̀ sì yí padà, lè jẹ́ pé ibẹ̀ ni ajá tó ní dìgbòlugi ti bù ú jẹ. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.

Ohun tí wọ́n ń dà sára ajá

Àwọn ajá kan kì í kú ikú kúrúnà, ikú ìtọ́jú kúrúnà ni wọ́n ń kú. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì tí mẹkáníìkì ti tú sílẹ̀ ló burú jù. Òtítọ́ ni pé ó lè dí kòkòrò mọ́ inú awọ kó sì pa díẹ̀ nínú wọn, èyí ló fà á tí àwọn kan fi ń búra pé ó ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n òjé àti àwọn èròjà olóró mìíràn wà nínú rẹ̀. Wọ́n ń gba awọ wọlé, ajá sì ń lá wọn mì, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ló ń san gbèsè náà. Kẹrosíìnì àti díísù ń jó awọ. Sniper àti ọ̀tapíápíá, àwọn oògùn kòkòrò tí dichlorvos wà nínú wọn, ń kọlu iṣan: itọ́ á máa dà, ara á máa gbọ̀n, ẹyinjú á súnkì, ajá sì lè kú láàárín wákàtí díẹ̀. Ní 2019 ni NAFDAC, àjọ tó ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, fòfin de ìgò kékeré irú oògùn bẹ́ẹ̀ nítorí ènìyàn. Ara ajá kò le ju ti ènìyàn lọ.

Imí ọjọ́ yàtọ̀ díẹ̀. Ó ń pa kòkòrò kúrúnà àti làpálàpá lóòótọ́, àwọn dókítà ẹranko sì ń lo omi rẹ̀ tí wọ́n ti díwọ̀n. Èyí tí wọ́n bù lọ́jà tí wọ́n pò mọ́ àdín kò ní ìwọ̀n. Ọṣẹ ènìyàn náà kò bá awọ ajá mu, ọṣẹ ajá ni kí wọ́n lò.

Lọ́dọ̀ dókítà ẹranko

Ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn àti ti yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta ń há awọ, wọ́n sì ń ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Àwọn aládàáni náà wà káàkiri ìlú ńlá. Kí alájá kọ ọjọ́ tí àrùn náà bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo oúnjẹ tí ajá ń jẹ àti gbogbo ohun tí wọ́n ti fi pa á lára, títí kan èyí tó ń tì í lójú láti sọ. Kí ó mú fọ́tò ọjọ́ àkọ́kọ́ dání bó bá yà á. Kí wọ́n má sì wẹ ajá náà kí wọ́n tó gbé e lọ, kí wọ́n má fi ìpara kankan pa á, nítorí omi àti ọṣẹ yóò ti fọ ohun tí dókítà fẹ́ wò lábẹ́ maikirosikóòpù dànù.